Ìlú Tí Wọ́n Ti Ń Kí Tanwíjí

Ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi ni bàbá ọkọ mi, Ọdẹ́gbàmí ti abúlé Olókùúta. Òjò ló há wa mọ́lé lọ́jọ́ náà. Kò sí ẹni tó lè lọ sóko, gbogbo wa sì kó sábẹ́ àtíbàbà tí bàbá fi ń yan ẹran, à ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Ẹnìkan nínú wa pa yànmùyánmú kan mọ́ ojúgun rẹ̀, ó ní òun kò mọ ohun tí Ọlọ́run dá irú èyí fún. Bàbá gbé ìkòkò tábà kúrò lẹ́nu. Bí ó ti sọ ọ́ ni mo kọ ọ́ yìí. Èyí tí ó bá jẹ́ irọ́ nínú rẹ̀, tirẹ̀ ni. Èyí tí mo bá ṣì kọ, tèmi ni.

Ó ní:

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin ìyàwó ilé, àti ẹ̀yin àlejò tí òjò kó wá bá wa, ẹ fi etí sílẹ̀ ṣùgbọ́n ẹ má fi ọwọ́ sílẹ̀, nítorí ẹ̀gúsí kò gbọ́dọ̀ dúró nítorí ìtàn. Èmi ni Ọdẹ́gbàmí. Nígbà tí mo wà ní géńdé, bí mo bá wúkọ́ nínú igbó, ẹkùn á tọrọ gáfárà kí ó tó kọjá. Ẹ gbọ́ ohun tí ìyàwó mi ń wí lẹ́yìn iná lọ́hùn-ún. Ó ní ẹkùn wo, pé ajá ilé wa pàápàá kò bẹ̀rù mi. Ajá kò mọ èèyàn. Ẹ jẹ́ kí n máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

Mo ní àbúrò kan, ìyá kan náà ló bí wa, Àwẹ̀ró ni orúkọ rẹ̀. Ọkùnrin kan wá láti ẹ̀yìn Igbó Omi-kò-ṣàn, ó fẹ́ ẹ, ó sì mú un lọ sí ìlú tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Àmù-kì-í-dànù. Ọ̀nà jìn, igbó náà sì burú, nítorí náà ìròyìn nìkan là ń gbọ́. A gbọ́ pé ó bímọ. A gbọ́ pé ọkọ rẹ̀ kú. A gbọ́ pé ọmọ rẹ̀ àgbà kú, a gbọ́ pé àbúrò rẹ̀ tẹ̀lé e. Ibà ni, ibà ni, ibà náà ni. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló kù, wọ́n sì sọ ọ́ ní Kásìmáawòó, nítorí wọn kò fẹ́ yára yọ̀. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan tó ń ru iyọ̀ kiri mú iṣẹ́ Àwẹ̀ró wá bá mi. Ó ní, “Àbúrò yín ní kí n sọ fún yín pé ibà ti mú Kásìmáawòó, ìyá ọkọ òun sì ti lọ wa amọ̀.”

N kò mọ ohun tí amọ̀ ní í ṣe pẹ̀lú ibà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọkùnrin náà gbà sọ ọ́ kò jẹ́ kí n lè jẹun tán. Mo gbé ìbọn, mo gbé àpò, mo di egbò àti èèpo igi tí a fi ń se àgbo ibà nílé wa, mo sì kọrí sí igbó. Mo fẹ́ gbé àbúrò mi àti ọmọ rẹ̀ wálé kí amọ̀ yẹn tó di ohun tí ó fẹ́ dà. Ẹ má bi mí bí ọ̀nà ṣe gùn tó. Ẹni tó ń lọ gba ọmọ lọ́wọ́ ikú kì í ka igi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ Igbó Omi-kò-ṣàn fún yín. Kò sí odò níbẹ̀, kò sí ìṣàn kankan, síbẹ̀ kò sí ibi tí omi kò sí. Ihò igi gba omi sínú. Ewé ńlá gbé omi dání bí arúgbó tó gbé ife ẹ̀kọ dání tó gbàgbé láti mu ún. Ibi tí erin tẹ̀ lánàá ti di adágún lónìí. Mo ń lọ, mo ń fi ẹnu ara mi ki oríkì ara mi, nígbà tí ohùn kan kọrin sí mi létí ọ̀tún pé, “Ọdẹ́gbàmí, ẹ̀jẹ̀ rẹ yóò dùn.” Mo yíjú, kò sí ènìyàn. Òmíràn kọrin létí òsì pé, “Ó ti gbó díẹ̀, ṣùgbọ́n kò burú.” Ọ̀rọ̀ ti gbígbó yìí dùn mí ju ti ẹ̀jẹ̀ lọ. Inú bí mi, mo gbé ìbọn, mo yìn ín sí orin náà. Ìbọn dún, ó sì gbé fìlà mi lọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ta ni nínú yín tó ti yìnbọn sí orin rí tó bà á?

Kí èéfín ìbọn tó lọ tán, ohun kan gbá mi lẹ́sẹ̀ méjèèjì, ó fà mí sókè, ó sì so mí rọ̀ sórí adágún kan, orí nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ lókè, tí irun orí mi ń kan omi. Obìnrin kan sì jáde láti inú adágún náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn bí òpó ààfin, ó ní ìlà funfun yíká bí ẹni wọ ẹ̀gbà. Ara rẹ̀ kò ju ìdì ewé gbódògì kan lọ. Ẹnu rẹ̀ gùn, ó sì mú bí abẹ́rẹ́ aránṣọ.

Ó ní, “Ta ni ìwọ?”

Mo ní, “Èmi ni Ọdẹ́gbàmí, tí ẹkùn ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ rẹ̀.”

Ó ní, “Kò sí ẹkùn níbí. Èmi ni Ìyá Omi-dídúró. Iyàrá àwọn ọmọ mi lo ti ń yìnbọn. Èyí tó kéré jù nínú wọn ti jí.”

Mo wo inú omi náà, orí mi sì ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, n kò ní iṣẹ́ mìíràn. Tanwíjí ló kún ibẹ̀, àwọn ohun wẹ́wẹ́ tí ẹ máa ń rí tó ń jó nínú omi tó bá pẹ́. Gbogbo wọn so rọ̀ bí èmi náà ṣe so rọ̀, orí nísàlẹ̀, ìdí lókè, tí ṣóńṣó ìdí wọn kan ojú omi.

Mo ní, “Ìyá, kí ló dé tí àwọn ọmọ yín dorí kodò báyìí?”

“Wọ́n ń mí ni. Ìdí ni àwọn ọmọ mi fi ń mí. Ìwọ náà sì ti wà bí wọ́n ṣe wà. Máa fi ìdí mí, kí n wò ọ́.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, kò sí ohun tí ìpọ́njú kò lè mú ọkùnrin gbìyànjú. Mo fún ara mi, mo tún ara mi fún. Ohun tó jáde, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Obìnrin náà wò mí, ó ní, “Ìyẹn jáde ni. Mo ní kó wọlé.” Ìyàwó mi ń sọ lọ́hùn-ún pé èyí ni òtítọ́ àkọ́kọ́ tí òun gbọ́ lẹ́nu mi láti àárọ̀. Ó dáa.

Nígbà tí ojú ti tì mí tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Mo ní, “Ìyá, èmi kò bá yín jà. Ọmọ àbúrò mi ni ibà mú ní Àmù-kì-í-dànù. Bí ẹ̀yin bá ni ibà náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà á padà.”

Ó jókòó sórí omi bí ẹni jókòó sórí ẹní. Ó ní, “Èmi kọ́ ni mo ni ibà. Ẹ̀yin ènìyàn lẹ ni ín. Àwọn ọmọkùnrin mi kì í fẹnu kan ẹ̀jẹ̀, oje òdòdó ni wọ́n ń lá kiri bí ọ̀lẹ. Àwọn ọmọbìnrin mi ló ń wá ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n lè rí agbára yé ẹyin. Bí ọ̀kan nínú wọn bá mu lára ẹni tí ibà wà lára rẹ̀, ó ti gba iná dání nìyẹn, bí obìnrin ṣe ń fi àpáàdì bu iná nílé aládùúgbò. Bó bá pẹ́ díẹ̀, ilé tó bá tún yà sí, iná á ràn níbẹ̀.”

“Ṣé ẹ kò rí i pé kò dára ni?”

“Ìwọ tí ò ń pa ìyá àgbọ̀nrín, ta ló ń bá ọ tọ́ ọmọ rẹ̀?”

Ẹni tó dorí kodò kì í jàre.

Ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, ó ń ráhùn bí abiyamọ lójú omi. Ó ní ẹja ń jẹ òun lọ́mọ, omi tó ń ṣàn ń gbé wọn lọ, oòrùn ń gbẹ ilé mọ́ wọn lára. “Ṣùgbọ́n ní Àmù-kì-í-dànù,” ó wí, “wọ́n ń bá mi tọ́ wọn. Mo kàn ń yé ẹyin síbẹ̀ ni, mo ń bá tèmi lọ.” Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ó dáa, ọdẹ. Màá pa àlọ́ kan fún ọ. Bí o bá já a, máa lọ. Bí o kò bá já a, àwọn ọmọbìnrin mi ń bọ̀ láti òde, ebi sì ń pa wọ́n. Kí ni wọ́n ń kí kú àárọ̀, tó ń kọ ìdí sí ẹni tó ń kí i?”

Mo ronú dé ibi tí ọpọlọ mi mọ. Mo ní, “Ìyàwó mi ni, lọ́jọ́ tí mo bá mu ẹmu yó wálé.”

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí okùn tó fi so mí fi tú, mo sì já lulẹ̀ sínú adágún, mo gbé tanwíjí mì. Ó ní, “Kì í ṣe ìdáhùn rẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n ó dùn ju ìdáhùn rẹ̀ lọ. Máa lọ. Wàá bá èyí tòótọ́ níwájú.” Ìyàwó mi ń bi mí pé ṣé ohun tí mo sọ nípa òun fún iwin nìyẹn. Òjò yìí ń pariwo, n kò gbọ́ ohun tó ń wí.

Òwúrọ̀ ni mo wọ Àmù-kì-í-dànù. Ẹ mọ àmù, ìkòkò omi ńlá tó máa ń wà nígun ilé. Ní ìlú yìí, ìta ni wọ́n wà, lábẹ́ etí òrùlé, wọ́n tò lọ bí ènìyàn tó ń dúró de oúnjẹ. Àmù pọ̀ ju ilé lọ, mo sì rò pé wọ́n pọ̀ ju ènìyàn lọ pẹ̀lú. Omi òjò kún wọn dé ẹnu, kò sí ọ̀kan tó ní ìdérí. Iwájú wọn ni àwọn ará ìlú wà, ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, obìnrin kúnlẹ̀. Mo dúró ti bàbá arúgbó kan. Ó ń sọ fún àmù pé, “Bàbá mi, ẹ jí ire bí? Ewúrẹ́ wa ti bímọ.” Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá àmù náà pẹ́pẹ́. Àwọn tanwíjí inú rẹ̀ rì lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n tún léfòó, wọ́n kọ ìdí sókè. Arúgbó náà mi orí, ó ní, “Ó ti dá mi lóhùn. Ó ní kí n má ta èyí tó dúdú.”

Ibẹ̀ ni àlọ́ yẹn ti já mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ̀rín bú lẹ́nu mi, arúgbó náà sì ju bàtà lù mí.

Mo béèrè ilé Àwẹ̀ró, wọ́n fi hàn mí. Àmù mẹ́ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Bó ṣe rí mi, ó kúnlẹ̀, ojú rẹ̀ kún fún omi, ohun tó sì kọ́kọ́ sọ ni pé, “Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ rọra, ẹ má bì lu Àjàní.” Àmù ló ń nawọ́ sí. Àjàní ni ọmọ rẹ̀ àgbà tó kú.

Ọmọ kékeré náà wà nínú yàrá, aṣọ pọ̀ lórí rẹ̀, síbẹ̀ eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Mo fọwọ́ kàn án níwájú orí, ó gbóná bí òkúta ààrò. Mo gbé àgbo kaná. Nígbà tí mo jáde sẹ́yìnkùlé láti wá igi, mo bá ìyá ọkọ Àwẹ̀ró, ó jókòó ti amọ̀, ó ń mọ ìkòkò. Ìyá Amọ̀kòkò ni gbogbo ìlú ń pè é. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni.

Ó ní, “Ẹ kú àbọ̀, àna mi. Ẹ má bínú pé n kò dìde, ọwọ́ mi kún.”

“Ẹ kú iṣẹ́, ìyá. Ti ta ni ẹ ń mọ yìí?”

“Ti Kásìmáawòó ni. Mo fẹ́ kí ó rí ojú gbẹ dáadáa kí n tó sun ún. Ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yẹn, ìkánjú ni mo fi mọ ọ́n, ó ń jò díẹ̀ nídìí. Ó máa ń dùn mí.”

“Ìyá, ọmọ náà kò tíì kú.”

Ó fi omi pa ẹnu ìkòkò náà dán. Ó ní, “Mo mọ̀. Bí èèyàn bá dúró di ìgbà náà, ẹkún kì í jẹ́ kó lè mọ ọ́n dáadáa.”

Ó wá ṣàlàyé àṣà wọn fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé ọ̀nà oko. Bí ẹnìkan bá kú, wọn a gbé àmù tuntun fún un sábẹ́ etí òrùlé. Òjò á kún un. Láìpẹ́, ohun kan á bẹ̀rẹ̀ sí í yí nínú rẹ̀, wọn a sì mọ̀ pé òkú ti dé. Ẹni tó bá da omi náà nù, ó ti pa òkú náà lẹ́ẹ̀kejì. Mo wo ọ̀nà tí àmù wọ̀nyẹn tò lọ dé ìpẹ̀kun ìlú. Ibà á pa ènìyàn, wọn a gbé àmù. Àmù á bí yànmùyánmú, yànmùyánmú á gbé ibà kiri. Ẹlòmíràn á kú, wọn a tún gbé àmù. Ṣé ẹ rí i? Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń mọ ikú, wọ́n ń pa ẹnu rẹ̀ dán.

Mo pe Àwẹ̀ró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo sọ ohun tí Ìyá Omi-dídúró wí fún un, n kò fi ọ̀kan pamọ́ àfi ti èémí. Mo ní, “Gbé ọmọ yìí, kí a máa lọ.”

Ó ní, “Ta ni yóò máa kí wọn?”

“Tanwíjí ni wọ́n, Àwẹ̀ró.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kò mọ wọ́n. Ẹ kò rí wọn rí nígbà tí wọ́n wà láyé. Èmi ni mo wẹ̀ wọ́n, èmi ni mo sin wọ́n. Bí mo bá jí láàárọ̀ tí mo pe Àjàní, ohun kan ń mira nínú omi yẹn. Kí lẹ fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀ fún mi?”

Mo rí i pé bí mo bá gbé e tipátipá, yóò padà wá bá àmù rẹ̀, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Nítorí náà mo gba ààfin lọ.

Ọba wọn ń jẹ́ Alámù. Ó jókòó láàárín àmù ńlá méjì, bàbá rẹ̀ lápá ọ̀tún, bàbá bàbá rẹ̀ lápá òsì. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ẹnu mi kì í dọ̀bálẹ̀. Mo ní, “Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Mo wá sọ fún yín pé ìdí ni bàbá yín ń kọ sí yín ní gbogbo àárọ̀.”

Alámù wo inú àmù, ó wò mí. Ó ní, “Bàbá mi kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà ayé rẹ̀.”

Ìjòyè àgbà kan wúkọ́. Ó ní, “Kábíyèsí, ó máa ń ṣe é díẹ̀.”

Mo ní, “Ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ di ẹnu àmù yìí pinpin. Bó bá jẹ́ bàbá yín ló wà níbẹ̀, bàbá yín lẹ máa bá. Bó bá jẹ́ ọmọ yànmùyánmú ni, ẹ máa bá yànmùyánmú.”

“Bí mo bá bá bàbá mi ńkọ́?”

“Kí ẹ mọ àmù tèmi.”

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má máa fi ẹnu ṣe irú èyí. Ìyá Amọ̀kòkò wà láàárín èrò. Mo rí i tó ti ń fi ojú díwọ̀n àyà mi.

Wọ́n di àmù náà, wọ́n ní ó di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀. Mo ń fún ọmọ ní àgbo, mo ń da ewé tútù síná kí èéfín lè lé yànmùyánmú kúrò lára rẹ̀. Láàárọ̀, Àwẹ̀ró a máa bá mi lọ sí ààfin. Aṣọ náà fẹ́lẹ́, a lè rí inú. Ó rí i nígbà tí àwọn tanwíjí ká kò, tí wọ́n rí bí ẹ̀wà tó ní ìrù. Ó sì rí i láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ẹ̀yìn ọ̀kan là, tí ohun ẹlẹ́sẹ̀ gígùn kan fa ara rẹ̀ yọ, tó dúró sórí awọ tó bọ́ sílẹ̀ títí ìyẹ́ rẹ̀ fi gbẹ. Nígbà tí a padà délé lọ́jọ́ yẹn, ó rìn kọjá àwọn àmù rẹ̀, kò kí wọn.

Ọjọ́ ọjà pé. Gbogbo ìlú kó sí ààfin. Mo fọwọ́ ara mi tú okùn, mo ká aṣọ náà kúrò, yànmùyánmú sì dìde láti ẹnu àmù bí èéfín láti inú ààrò. Mo gbé àyà sókè bí àkùkọ tó rí oòrùn, tó rò pé òun ló pè é jáde. Ọ̀kan nínú wọn yí ká, ó bà sí ọrùn Alámù, ó sì bù ú jẹ. Ọba gbé ọwọ́ sí ibẹ̀ jẹ́jẹ́. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ní, “Bàbá mi dá mi mọ̀. Láàárín gbogbo èrò yìí, èmi ló wá bá.”

Mo ní, “Kábíyèsí, ó bù yín jẹ ni.”

Ó ní, “Bàbá ni. Ó lè bá ọmọ rẹ̀ wí.”

Ìjòyè àgbà yẹn ti ń bọ́ agbádá. Ó ní kí bàbá ọba jọ̀wọ́ ya ọ̀dọ̀ òun náà, pé wọ́n jọ jẹun pọ̀ rí. Obìnrin kan na apá ọmọ rẹ̀ sókè. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Wọ́n ní àwọn òkú àwọn ti hu ìyẹ́, pé ìlú wo ló tún rí irú rẹ̀. Ọba pàṣẹ níbẹ̀ pé kí wọ́n mú ẹnu gbogbo àmù gbòòrò sí i, kí àwọn bàbá lè rọ́nà fò, àti pé ẹni tó bá fi ọwọ́ gbá ọ̀kan nínú wọn pa, yóò kúrò nílùú. Èmi tí mo mú ẹ̀rí wá, wọ́n fi mí joyè. Aṣíṣọ ni wọ́n pè mí, ẹni tó ṣí aṣọ lẹ́nu àmù. Wọ́n dé fìlà mọ́ mi lórí. Ṣé mo kọ̀ ọ́? Ẹ rántí pé n kò ní fìlà mọ́.

Ṣùgbọ́n mo wá Àwẹ̀ró láàárín àwọn tó ń jó, n kò rí i. Ó ti lọ sílé.

Nígbà tí mo débẹ̀, ojú ọ̀run ti ṣú. Ara Kásìmáawòó ti tutù láti àárọ̀, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ìka lá ẹ̀kọ tó kù nínú igbá. Ìyá Amọ̀kòkò sì ń ti ẹ̀yìnkùlé bọ̀, ó gbé àmù tuntun kan mọ́ àyà, iná ti sun ún pupa, kò sí ibi tó sán lára rẹ̀. Ó gbé e kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àwọn tó kù. Ó ní òun kò fẹ́ kí òjò yìí ṣòfò.

Àwẹ̀ró ní, “Ìyá mi, Kásìmáawòó mu ẹ̀kọ.”

Ìyá náà ní, “Mo rí i, ọmọ mi. Àjàní náà mu ẹ̀kọ kí ó tó lọ.”

Àwẹ̀ró lọ sí ìdí àmù Àjàní, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹnu rẹ̀ mú, bí ìgbà tí èèyàn bá di etí ọmọ mú kó tó bá a sọ̀rọ̀. Ó yí i ṣubú. Omi náà ya sílẹ̀, ó gba àárín ẹsẹ̀ wa kọjá. Ó lọ sí èkejì, ó yí i. Nígbà tó dé ìdí ti ọkọ rẹ̀, Ìyá Amọ̀kòkò di aṣọ rẹ̀ mú lẹ́yìn.

“Àwẹ̀ró, ọmọ mi nìyẹn. Ọmọ mi lo fẹ́ dà nù yẹn.”

Ó yí i ṣubú. Ó yíjú sí ìyá ọkọ rẹ̀, kò pariwo, ohùn rẹ̀ kàn rẹlẹ̀. “Ìyá mi, ẹ wá wò wọ́n. Àjàní ní àpá iná létí. Ọmọ yín ní eyín tó là láàárín. Ẹ fi èyí tó jẹ́ Àjàní hàn mí nínú wọn, èmi yóò sì bu omi padà.”

Arúgbó náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn tanwíjí ń ta pàrà lórí iyanrìn, omi ń fà kúrò lábẹ́ wọn. Ó fi ìka mú ọ̀kan, ó gbé e súnmọ́ ojú. Ó pẹ́ tó ti ń wò ó. Lẹ́yìn náà ó nu ìka náà mọ́ aṣọ ara rẹ̀.

Ẹ̀kán òjò bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. Ìyá Amọ̀kòkò na ọwọ́ sí àmù tuntun yẹn, ó sì dojú rẹ̀ délẹ̀.

Àwẹ̀ró ní, “Ẹ bá wa lọ, ìyá mi.”

Ó ní, “Ẹsẹ̀ mi kò lè rin ọ̀nà igbó. Ẹ máa lọ kí wọ́n tó jó tán lọ́hùn-ún. Èmi yóò sọ fún wọn pé òjò ló yí wọn ṣubú.”

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ fún un nínú ẹrẹ̀ náà. Ó dìde, ó gbé Kásìmáawòó pọ̀n, ó fi ọ̀já gbà á le, ó sì bọ́ sọ́nà. Kò gbé igbá, kò gbé ẹní. Èmi tẹ̀lé e pẹ̀lú ìbọn mi àti fìlà oyè, mo sì ń bojú wẹ̀yìn ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí ìjòyè tó ń sá kúrò nílùú kò ní ìfọ̀kànbalẹ̀. Ọmọ náà pàápàá yọ ojú létí ọ̀já, ó ń wo ìyá bàbá rẹ̀ tó dúró láàárín àwọn àmù tó dojú bolẹ̀. Arúgbó náà gbé ọwọ́ sókè, ó pe orúkọ Àwẹ̀ró lẹ́ẹ̀kan, ohùn rẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ wa kedere nínú òjò náà. Àwẹ̀ró gbọ́ ọ. Ó fi ọwọ́ kan ti ìdí ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn, ó kọjá àmù tó kẹ́yìn ní ẹnu ibodè, ó wọ igbó lọ, kò sì bojú wẹ̀yìn.